Kánópì Ilé Onítáyà Tó Ṣí Láìsí Bátìrì

Tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ yáa rín in tán báyìí kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí inú máa ń bí mi gan-an téèyàn bá ń fi ohun tí mo fojú ara mi rí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà. Mi ò sùn kí n sọ pé àlá ni. Ilẹ̀ ò sì ṣú. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn wà lókè, mò ń gbọ́ ariwo àwọn ọlọ́kadà lójú títì Mayfair ní Ifẹ̀.

Iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe, iná mọ́tò. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Wáyà tí mo ṣà lórí ààtàn ni mo fi kọ́ ara mi, pẹ̀lú rédíò bàbá mi tí mo tú palẹ̀, tí wọ́n sì nà mí lẹ́gba lórí ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lọ́nà Sábó, ṣùgbọ́n Mayfair ni wọ́n ti bí mi, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí.

Ilé Onítáyà làwa ọmọ àdúgbò ń pè é. Ọkọ̀ gbọọrọ kan báyìí, àwọ̀ mílíìkì, tí ilà aláwọ̀ ewé gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, sítóòfù wà, ibi ìfọwọ́ wà. Bàbá Olókùúta ló gbé e wálé láti òkè òkun. Yunifásítì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń yẹ òkúta wò, ìdí tá a ṣe ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á wa ọkọ̀ yẹn wọgbó, wọ́n á sùn síbẹ̀, wọ́n á kó òkúta bọ̀.

Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé e sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà wọn. Tó bá ti di agogo mẹ́rin, Bàbá á tẹ súìṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ ó kàn máa gbọ́ fììììì, kánópì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára ọkọ̀ náà fúnra ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń na apá lẹ́yìn oorun. Kánópì aláwọ̀ búlúù àti funfun. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí nǹkan tó tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ifẹ̀ lójú wa nígbà yẹn. Àwọn àti Màmá, ìyàwó wọn, á jókòó lábẹ́ ẹ̀ lórí àga oníkáńfáàsì méjì, wọ́n á máa mu tíì. Àwa ọmọdé á jókòó sílẹ̀, wọ́n á pín bisikíìtì fún wa, èyí tó le bí òkúta, tá a máa ń rẹ sínú omi kó tó ṣeé jẹ.

Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá ní. Ẹni tó bá fẹ́ wọnú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn kó kígbe, "Àgò o!" Àwọn á dáhùn láti inú, "Àgò yà! Nu ẹsẹ̀ ẹ."

"Ilé ni o," wọ́n á ní. "Ẹni bá rò pé mọ́tò ni, kó lọ wọ takisí."

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n gbé mi sókè kí ọwọ́ mi lè tó súìṣì yẹn. "Tẹ̀ ẹ́, Oníná." Mo tẹ̀ ẹ́. Fììììì. Ọjọ́ yẹn ni iná wọ̀ mí lórí. Oníná yẹn, àwọn nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá mi gan-an ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń tì mí lójú kíá, kí n kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo di géńdé, tí mo ti ń tún iná mọ́tò ṣe kiri, Bàbá gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan fún mi. Wọ́n ní, "Orí ẹ pé, Oníná, ṣùgbọ́n o ò lè máa méfò títí ayé." Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé yẹn ńkọ́, ṣebí òkúta náà lẹ̀ ń ṣà nílẹ̀?"

Bàbá kàn ń wò mí. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo jáde, mi ò kí wọn pé ó dàbọ̀. Mi ò débẹ̀ mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n kú. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lọ síbi ìsìnkú.

Ó wá tó ọdún kan àbọ̀ tí wọ́n ti kú, Màmá sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ti rù.

"Ọkọ mi," wọ́n ní, "kánópì yẹn ò ṣí mọ́ láti ìgbà tí bàbá ẹ ti lọ."

Wọ́n ní ọmọ àwọn ti ta ọkọ̀ náà, pé lówùúrọ̀ ọ̀la lẹni tó rà á ń bọ̀ wá wọ́ ọ lọ. Àwọn náà, ọ̀la yẹn kan náà ni ọmọ ń kó àwọn lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Mo kàn fẹ́ jókòó lábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Agogo mẹ́rin òní. Tí kò bá ti jẹ́ òní, ó parí nìyẹn. Rìwáyà méjì ti wá, wọn ò rí i ṣe."

"Àwọn wo ni rìwáyà?" ni mo dá wọn lóhùn, ẹnu mi! "Màmá, ẹ lọ gbé omi tíì kaná. Tí n ò bá ṣí i lónìí, n ó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀."

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Mo gbé bátìrì mi tó ti gba iná dáadáa, mo gun ọ̀kadà, mo dé ọgbà yẹn pẹ̀lú ẹrẹ̀ lábẹ́ bàtà. Mo kàn já wọnú ọkọ̀ náà ni.

Màmá dúró nísàlẹ̀. "Ṣé o ò gbàgbé nǹkan?"

"Tẹ́sítà mi rèé lọ́wọ́ mi, mà."

Wọ́n mi orí, wọ́n wọlé lọ.

Ẹ wò ó, inú ọkọ̀ yẹn ò yí padà rárá. Òórùn tíì gbígbẹ àti ìwé àtijọ́. Òkúta tò lórí pákó fèrèsé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bébà kékeré tí Bàbá kọ orúkọ abúlé tí wọ́n ti rí i sí. Mo mú ọ̀kan, mo kà á, mo dá a padà. Mo bá bínú sí ara mi, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo gbé bátìrì sí i, gílóòbù inú ọkọ̀ tàn. Ó dáa. Mo yọ fíúsì kánópì, kò já, mo ṣì fi tuntun sí i. Mo tẹ súìṣì. Ó pa kẹ́kẹ́. Mo tú súìṣì, mo fi tẹ́sítà mi kàn án, gílóòbù kékeré tí mo so mọ́ ìṣó, iná wà níbẹ̀. Mo gun àkàbà lọ sí orí ọ̀pá tí wọ́n ká kánópì mọ́, níbi tí mọ́tò kékeré tó ń yí i wà, ó dà bíi ti waipa. Mo kàn án níbẹ̀, iná pupa fòò. Iná ń dé ibẹ̀, mọ́tò ò mira.

Ohun tí gbogbo wa ń ṣe tí nǹkan bá sú wa ni mo ṣe: mo fún un ní dáírẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ni pé mo fa wáyà láti orí bátìrì lọ bá mọ́tò yẹn gan-an, mo fo súìṣì àti fíúsì dá. Mọ́tò tó bá wà láyé, tó bá tiẹ̀ há, ó yẹ kó ta pàrà. Èyí ò ta pàrà kankan. Àmì pé ó ti jóná nínú nìyẹn. Mo ní kí n fi ọwọ́ fa kánópì jáde, jíà ẹ̀ gbá a mú bí eyín ajá.

Aago ọwọ́ mi ti lé díẹ̀ ní agogo mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Kò sí ibi tí mo ti fẹ́ rí mọ́tò bẹ́ẹ̀ rà ní Ifẹ̀, àbí ní Nàìjíríà pàápàá. Màmá ti gbé àga méjèèjì síta. Wọ́n ti gbé ife tíì méjì sórí tábìlì. Méjì, ẹ gbọ́ o.

Mo yọ bátìrì mi, mo gbé e lọ sídìí máńgòrò, mo kó wáyà mi lé e lórí. Mo ń wá bí n ó ṣe sọ fún ìyá arúgbó pé ó parí.

Wọ́n sún mọ́ mi. Ohùn wọn ò ju ìmí lọ. "Ṣé o kí wọn?"

"Kí ta ni? Màmá, mọ́tò ló jóná! Iná ò mọ ìkíni!"

Mo jágbe mọ́ wọn. Ìyá àgbà. Wọ́n kàn ń wò mí bí Bàbá ṣe wò mí lọ́jọ́ fọ́ọ̀mù yẹn, gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n nawọ́ sí ipa ẹsẹ̀ mi, ẹrẹ̀ ràkọ̀ràkọ̀ láti orí àtẹ̀gùn wọ inú ọkọ̀.

Ojú tì mí. Mo lọ dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo ní kí n kàn ṣe é kí ọkàn Màmá lè balẹ̀, kí n wá máa lọ. Mo rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àgò o."

Afẹ́fẹ́ dá. Mi ò gbọ́ ọ̀kadà mọ́, mi ò gbọ́ ẹyẹ.

"Àgò yà," ni ẹnì kan sọ wẹ́rẹ́ láti inú ọkọ̀. "Nu ẹsẹ̀ ẹ, Oníná."

Ẹ gbà mí gbọ́, tí n bá purọ́ kí iná gbé mi. Gbogbo irun ara mi dìde. Mo yí ojú wo bátìrì mi: ó wà lábẹ́ máńgòrò, kò sí wáyà kankan lórí ẹ̀ tó kan ọkọ̀. Gílóòbù inú ọkọ̀ ti kú.

Fììììì.

Kánópì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Díẹ̀díẹ̀, bíi ti ọjọ́sí. Ewé máńgòrò gbígbẹ ń bọ́ lórí ẹ̀, aláǹtakùn ń sá. Ó nà tán, ó dúró. Òjìji ẹ̀ bo àga méjèèjì.

Màmá ò pariwo. Wọ́n tún ìró wọn so, wọ́n jókòó. Wọ́n bu tíì sínú ife méjèèjì. Àga kejì, mò ń wò ó o, káńfáàsì ẹ̀ rọra tẹ̀ wálẹ̀, bí ìgbà tẹ́ni tó sanra bá jókòó sí i. Ó hàn ní kedere.

Màmá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, èdè Ifẹ̀ gidi, irú èyí tí wọ́n máa ń bá Bàbá sọ nínú ilé. Wọ́n á tẹ́tí sí àga kejì, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó ṣe mí bíi kí n lọ jókòó sílẹ̀ níwájú wọn kí n na ọwọ́ gba bisikíìtì.

Ẹ̀bẹ̀ wà lẹ́nu mi. "Ẹ má bínú, sà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo la ẹnu.

Àga kejì dún kíìn, bí ẹni pé ẹni tó wà níbẹ̀ yí sọ́dọ̀ mi.

Mo sá. Èmi tí mi ò ń sá fún ọmọ ẹnikẹ́ni ní Sábó! Bàtà mi kan bọ́ síbẹ̀, mi ò rí i dòní. Mi ò gbé bátìrì, mi ò mú tẹ́sítà.

Bátìrì yẹn ló mú mi padà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kánópì ti ká wọlé. Ẹni tó ra ọkọ̀ náà mú rìwáyà tiẹ̀ wá, ìyẹn ti tú mọ́tò kánópì palẹ̀. Ó fi hàn mí. Dúdú kirimú. Wáyà inú ẹ̀ ti yọ́ mọ́ra, eku sì ti bímọ síbẹ̀. "Èyí ti kú ó ju ọdún kan lọ," ló wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni kí n tún sọ?

Màmá ti fẹ́ wọ ọkọ̀ Ìbàdàn. Ojú wọn dán. Wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí, wọ́n súre fún mi, wọ́n wá sọ ọ́ sí mi létí wẹ́rẹ́:

"Bàbá ẹ ní o ò tún dágbére. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kejì nìyí."

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ èmi àti Bàbá yẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Láti ìgbà yẹn, mo tẹ́ àpò ìdọ̀họ kan sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, kí àwọn oníbàárà máa nu ẹsẹ̀. Mo máa ń gbọn ọ́n mọ́ kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́. Tí mo bá ṣí i láàárọ̀, ẹrẹ̀ tútù á wà lórí ẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn o, nígbà tí gbogbo Sábó gbẹ bí àkàrà àná. Ẹnì kan ń nu ẹsẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì wọlé. Kò tíì kígbe àgò.

Mi ò mọ ibi tí Ilé Onítáyà wà báyìí. Tí ẹ bá bá a pàdé lójú ọ̀nà kan, àwọ̀ mílíìkì, ilà aláwọ̀ ewé, ẹ má kàn já wọ inú ẹ̀ bí mo ṣe ṣe. Ẹ kígbe àgò. Tí wọ́n bá dáhùn, ẹ nu ẹsẹ̀ yín. Ohunkóhun tí ẹ bá sì rí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá. Ẹ dúró kí ẹ dágbére.

Èmi ò dágbére. Mo ṣì ń tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà.