Ọjọ́ Tí Àlejò Wá Wo Bí A Ṣe Tòṣì Tó

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ bàbá mi, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tèmi jẹ́ ni pé a kì í fi ẹnu ara ẹni pe òṣì. Bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀, á ní ara òun le. Bí nǹkan bá wá dojú rú pátápátá, á mí kanlẹ̀, á ní, "It is well." Kò sí ọmọ Nàìjíríà kan ní Johannesburg yìí tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí ọkùnrin bá ti mí kanlẹ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ yáa wá bí ẹ ó ṣe ràn án lọ́wọ́, torí pé nǹkan ti bàjẹ́. Ọmọ Soweto ni ìyá mi, ó sì tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn kó tó yé e pé ọjọ́ tí ọkọ òun bá sọ ọ́, kí òun má retí ẹran lọ́bẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò àṣejáde girama ni, yunifásítì tó wà ní Auckland Park sì ti gbà mí láti kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán inú ara aláìsàn nílé ìwòsàn. Iléeṣẹ́ tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ojú ọ̀nà ti kógbá sílé lọ́dún tó ṣáájú. Ó wá ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́ yàrá kékeré sẹ́yìnkùlé wọn, oṣù kan iṣẹ́ á wà, oṣù méjì kò ní sí. Ìyá mi ń bá wọn tọ́jú ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi kan ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Àbúrò méjì ló tẹ̀ lé mi. Ó yẹ kí n ti kọ̀wé béèrè ìrànwọ́ ìjọba, àmọ́ ìgbà tí a fi ń sọ nílé pé "it is well," pé iṣẹ́ tuntun ń bọ̀ lọ́nà, ni ọjọ́ tí wọ́n dá fi kọjá lórí wa. Ẹ̀bi tiwa ni.

Àjọ kan ṣoṣo ló kù, tó máa ń fún ọmọ ìwé ní bọ́sàrì, ìyẹn owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí èèyàn kì í dá padà. Wọ́n ti rí èsì ìdánwò mi, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ohun tó kù ni kí òṣìṣẹ́ wọn kan wá sílé wa ní Yeoville láti fojú ara rẹ̀ rí bí a ṣe ń gbé. Tí owó yẹn kò bá jáde, mi ò lè forúkọ sílẹ̀, yunifásítì á sì fi ẹlòmíràn sí ipò mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo máa ń wo fóònù mi bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ tí ibà ń yọ lẹ́nu.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà tí wọ́n fi dá ọjọ́ tí obìnrin kan máa wá bẹ̀ wá wò fún bàbá mi, kò bi mí ní ohun tí wọ́n máa béèrè.

"Kí ni obìnrin náà máa ń jẹ?" ó ní.

"Daddy, kì í ṣe àlejò. She's coming to inspect us."

"Ẹni tó bá ti wọ ilé mi, àlejò mi ni. Ṣé ó máa ń jẹ ata?"

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ìsọ̀ oúnjẹ ní Rockey Street, ó sì ti gbé odidi adìyẹ kan, ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà bọ̀. Ó yá rọ́ọ̀gì àti ife gíláàsì lọ́wọ́ aládùúgbò tó wà lókè wa. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò léèsì tó fi ṣègbéyàwó. Ìyá mi ti lọ síbi iṣẹ́, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá má dà bó ṣe dà. Mi ò ní purọ́ pé èmi kò lọ́wọ́ sí i. Èmi ni mo dín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àjà pálọ̀ wa ń jò, a sì máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà pa mọ́ sí bálùwẹ̀.

Obìnrin náà dé ní aago mẹ́wàá. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó gbé fáìlì kan dání, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè lójú ẹsẹ̀, bàbá mi ní kò sí ohun tó jọ ọ́, kó kọ́kọ́ fi nǹkan panu. Obìnrin náà ní òun ti jẹun nílé. Bàbá mi kàn rẹ́rìn-ín ni, torí pé lójú tiwa, "mo ti jẹun" kì í ṣe èsì, ara ìkíni ni. Àlejò wa jẹ itan adìyẹ kan tán, ó sì yin ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣí fáìlì rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì ń sọ, èmi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

"Bàbá, ṣé oúnjẹ máa ń tán nínú ilé yìí kí oṣù tó parí?"

"Madam, oúnjẹ kì í tán nílé yìí. God is faithful."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ta ló wá ń ràn yín lọ́wọ́?"

"Ọlọ́run ni."

Ó wo àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ nínú fọ́ọ̀mù náà, ó fa ìlà sí i.

"Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín, báwo ni nǹkan ṣe rí?"

Bàbá mi ń fọwọ́ ra léèsì tó wà lórúnkún rẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run lọ́kàn mi pé kó sọ òótọ́, kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó mí kanlẹ̀, èémí tó gùn, tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, irú èyí tó jẹ́ pé bí ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbọ́ ọ, á ti máa tọwọ́ bọ àpò.

"It is well," ó ní.

Inú obìnrin náà dùn sí i. Mo rí bírò rẹ̀ tó ń lọ lórí ìwé. Yorùbá ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ẹnu bàbá mi ló bá mi kọ tèmi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá tọ́ kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu bàbá rẹ̀ níwájú àlejò, èmi náà sì ń tijú pé a tòṣì. Mo gbé abọ́ wọlé lọ fọ̀. Nígbà tí obìnrin náà ń lọ, bàbá mi di adìyẹ tó kù fún un kó máa gbé e lọ sílé.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà wọn wọlé sórí fóònù mi. Wọ́n ní àbẹ̀wò àwọn fi hàn pé nǹkan rọrùn fún ìdílé wa, pé àwọn yóò fi bọ́sàrì náà fún ẹni tó ṣaláìní jù mí lọ. Tí mo bá fẹ́ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, kí òbí mi ṣe ìwé ìbúra lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kó sọ bí nǹkan ṣe rí gan-an, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni yunifásítì máa ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ.

"Daddy, adìyẹ yín ló lé mi kúrò ní yunifásítì."

Kò bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Nígbà tí ìyá mi dé, ó ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó.

"Eish, Baba," ó ní. "You fed the inspector?"

Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní ṣe ìwé ìbúra kankan. "Ohun tí mo bá fi ẹnu mi sọ, tí mo tún búra lé lórí, ó di tèmi nìyẹn. Ṣé kí n wá nawọ́ sókè kí n máa pe òṣì wá sórí ara mi?"

"Daddy, it's a form. Kì í ṣe àdúrà."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Gbogbo àdúrà rẹ̀ láràárọ̀, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò ju pé kí Ọlọ́run bò wá láṣìírí. Wọ́n wá ní kó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí ọ̀hún fún ọlọ́pàá. Ó yé mi, àmọ́ yíyé tó yé mi kò sọ pé kí inú má bí mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ, Ọjọ́rú náà ń lọ. Mo wọ takisí lọ sí Auckland Park láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, wọ́n ní kò sí bí ó ṣe lè ṣeé ṣe. Nígbà tí takisí wa dúró ní robot, ìyẹn iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó, mo rí àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń sọdá, káàdì akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wà lọ́rùn wọn. Mo sunkún débi pé ìyá kan tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Zulu tù mí nínú.

Mi ò mọ ohun tí ìyá mi bá bàbá mi sọ. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàbá mi jáde nínú yàrá, ṣẹ́ẹ̀tì lásán ló wọ̀. "Mú ìwé rẹ, ká lọ," ó ní. A jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀dọ́bìnrin ọlọ́pàá kan ló fa fọ́ọ̀mù yọ. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún un pé ẹnjiníà ni òun, ó ka àwọn ọ̀nà tí òun ti bá wọn ṣe. Ọmọbìnrin náà ń kọ ọ́.

"Ní báyìí ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín, Baba?"

"We are managing."

"Managing, ṣé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"By the grace of God."

Ọlọ́pàá náà gbé bírò sílẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo rò pé yóò yí padà kó máa lọ sílé. Òótọ́ ni pé ó yí padà, àmọ́ ọ̀dọ̀ mi ló kọjú sí, ó kẹ̀yìn sí ọlọ́pàá náà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá.

"Sọ fún un pé mi ò ní," ó ní. "Sọ fún un pé iṣẹ́ ò sí. Sọ fún un pé ìyá rẹ kì í jẹun alẹ́ mọ́, kí tiyín lè tó."

Mi ò mọ èyí tó sọ kẹ́yìn yẹn. Ohun tí ìyá mi ń sọ fún wa ni pé oúnjẹ alẹ́ ń dà á láàmú nínú, mo sì gbà á gbọ́. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́pàá ń kọ ọ́. Ó ní kí bàbá mi nawọ́ sókè. Ó nawọ́ sókè, ó búra, ó fọwọ́ sí i, wọ́n lu òǹtẹ̀. Mo fi fóònù ya fọ́tò ìwé náà níbẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí àjọ náà kí a tó jáde.

Ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tí èsì wọn dé. Bàbá mi jókòó sídìí tábìlì, ó ń ya àwòrán yàrá ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan. Mo kà á sókè fún un, pé wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò, pé wọ́n fọwọ́ sí bọ́sàrì náà, pé wọ́n ti fi tó yunifásítì létí. Ìlà kan wà láàárín rẹ̀ tó ní àwọn ṣe é nítorí ìṣẹ́ àti àìní tí bàbá mi fẹnu ara rẹ̀ búra sí. Mo fo ìlà yẹn.

Ó fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, mo sì tún fo ìlà náà. Awò tó fi ń kàwé wà lójú rẹ̀, fóònù náà kò jìnnà sí i, àmọ́ kò nawọ́ gbà á.

"Ó dáa," ó ní. "Tètè lọ wọ takisí, kí wọ́n tó tilẹ̀kùn."