Àlejò Mẹ́rìnlá Lórí Ìfun Kan

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, èèyàn mẹ́rìnlá ló yí bẹ́ẹ̀dì kan ká nílé ìwòsàn.

Obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la inú rẹ̀, tí wọ́n gé lára ìfun rẹ̀ dànù. Ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ telọ, ti ṣọ́ọ̀bù pa kó lè wá tọ́jú rẹ̀. Dókítà ti sọ̀rọ̀ fún un láìfepobọyọ̀: omi ò gbọdọ̀ kan Màmá lẹ́nu títí ìfun á fi jí, àmì pé ó ti jí sì ni kí Màmá só. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò só, wọ́n á tún gbé e padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ẹbí wá bá a retí ìsó yìí. Ìfẹ́ ni. Ẹnìkan fẹ̀yìn ti irin tí wọ́n gbé omi dírípù kọ́, ẹlòmíì gbé báàgì lé ẹsẹ̀ aláìsàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Màmá, olórí ẹbí, gba àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ó wá ń ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ fún gbogbo wọn. Ìmọ̀ rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà pé pérépéré. Wọ́n ti yọ eyín rẹ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì wọlé. "Màmá, ṣé ẹ ti só?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Màmá níyàwó, kò fọn ikun imú níwájú olórí ẹbí rí.

"Rárá o, ọmọ mi."

"Inú yín mà ń wú sí i."

"Yóò rọ̀, lágbára Ọlọ́run," ni olórí ẹbí fèsì, bí ẹni pé inú tirẹ̀ ni.

Telọ rí i tí Màmá fún ojú pọ̀, tó di aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú. Ó mọ ojú yẹn. Òun náà ti fi jókòó láàárín àwọn àna rẹ̀ rí. Ìfun ti jí. Màmá ló ti ìsó mọ́lé nítorí ọ̀wọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta," ló wí fún olórí ẹbí.

"Ta ni? Èmi tí mo sọ ẹ́ lórúkọ?"

"Ẹ ṣeun, sà. Màmá ò lè só níwájú yín, wọ́n á sì tún inú wọn là lọ́la. Ẹ mú àwọn yòókù dání."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ," ni àǹtí kan wí. "Kò tiẹ̀ lè pè é ní afẹ́fẹ́."

Wọ́n jáde, ojú wọn le koko bíi ti ẹni tí wọ́n jà lólè. Telọ ti ilẹ̀kùn, ó kọjú sí fèrèsé. Kò pẹ́ rárá. Ó dún, ó gùn, kò sì bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì fi ṣíbí fún Màmá lómi. Màmá gbé e mì, ó dijú.

"Ṣé wọ́n gbọ́ ọ níta?"

"Wọn ò gbọ́, Màmá."

Níta, olórí ẹbí ti ń sọ fún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé àdúrà òun ti gbà.

Ìwọ tí ò ń múra láti lọ kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la inú rẹ̀: dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí i, béèrè ohun tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nílò, kí o sì yáa máa lọ sílé rẹ.