Òrí Tí Mo Fi Pa Báàgì Mọ́mì

Òórùn kan wà tó máa ń dá mi dúró níbikíbi tí mo bá ti gbọ́ ọ: òórùn awọ, gọ́ọ̀mù àti ìda oyin tí oòrùn ti yọ́ díẹ̀. Bó bá ti kàn mí nímú báyìí, Ring Road ni ọkàn mi ń sáré lọ, sábẹ́ páànù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oògùn, níbi tí bàbá ṣúmékà kan máa ń jókòó sí. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà kúkú mọ̀ pé ẹnu mi yá sí àròyé ju ọpẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń dúpẹ́ láyé yìí, ọpẹ́ bàbá yẹn wà níbẹ̀, ti ìyá ọkọ mi sì wà níwájú rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Agbowó là ń gbé, èmi àti ọkọ mi, nínú yàrá méjì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wa ọkùnrin, ìyá ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí a ń pè ní Mọ́mì, sì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa wẹ ọmọ. Wọn ò kórìíra mi o, kí n má purọ́ mọ́ àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ilé Mùsùlùmí ni mo ti wá, Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, awuyewuye ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa ò sì kéré kó tó yanjú. Bí wọ́n bá ń pè mí, "ìyàwó" ni, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ mi fún ẹlòmíì, "ìyàwó ọmọ mi." Wọ́n ń ṣe dáadáa sí mi, àmọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣe dáadáa sí àlejò ni. Gbogbo ohun tí mo ń wá nígbà yẹn ò ju pé kí wọ́n gbà mí lọ́mọ.

Wọ́n ní báàgì kan tí wọn kì í fi ṣeré rárá. Àwọ̀ ilẹ̀ ni, irun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sì wà lára rẹ̀ bí irun orí ìkókó. Ọkọ wọn tó ti di olóògbé ló rà á bọ̀ fún wọn láti ìlú òyìnbó, ọjọ́ ìkórè nìkan ni wọ́n sì fi ń gbé e jáde. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì àbúrò wọn ní Baṣọ̀run ku ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n yọ báàgì náà nínú àpótí, wọ́n gbé e sórí àga kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, wọ́n sì jáde lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn náà.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yẹn. Ẹsẹ̀ gbogbo wa funfun bíi ti ẹni tó tẹ eérú. Òrí la fi ń pa ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́, ìyókù ọwọ́ mi ni mo sì fi ń pa sálúbàtà mi. Nígbà tí mo rí i pé ó ń dán, mo kọjú sí bàtà dúdú ọkọ mi. Ó dán débi pé ọkọ mi sọ mí ní dókítà bàtà. Ṣé o rí i pé orí mi ti wú? Mo wá wo báàgì orí àga, mo rí i pé ó gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ń ṣí. "Ohun tí n ó fi wọ ojú ìyá yìí rèé," mo sọ fún ara mi. Mo bu òrí, mo yọ́ ọ ní àtẹ́lẹwọ́, mo sì fi pa báàgì náà.

Yéè! Lójú ẹsẹ̀ ni ibẹ̀ ṣú, bí ìwé tí wọ́n fi di àkàrà. Irun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ náà sùn lọ gbalaja. Ẹni tó gbọ́n á dúró níbẹ̀, àbí? Èmi tún bu òrí sí i, kí ó lè dọ́gba. Ìgbà tí mo fi máa gbọ́n, ìdajì ojú báàgì náà ti dà bí ohun tó já sínú ọbẹ̀.

Mo pọn ọmọ, mo fi ìwé ìròyìn di báàgì náà, mo wọ mọ́tò, ó di Dùgbẹ̀, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta pólíṣì àti ìpara awọ. Ó to agolo mẹ́rin síwájú mi. Mo bi í pé èwo ló máa yọ òrí kúrò. "Àǹtí, títà ni mo mọ̀," ó ní. "Èyí tó bá awọ yín mu, n ò fẹ́ purọ́. Ẹ lọ bá bàbá ṣúmékà ní Ring Road." Ẹlòmíì ì bá di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi. Ọlọ́run á bù kún obìnrin yẹn níbikíbi tó bá wà.

Bàbá náà tú ìwé ìròyìn, ó gbé báàgì sí imú. "Òrí," ó ní. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó mú ègé awọ kan jáde, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Ti màlúù ni, ó nípọn, ojú rẹ̀ ń yọ̀. Ó ní èyí lè gba ìpara tí wọ́n fi ìda oyin ṣe, kí n fi díẹ̀ ra á, kí n sì nù ún kúrò. Ó mú ti ewúrẹ́, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí, ó ní bín-ń-tín ni èyí ń fẹ́, bó bá pọ̀ jù, ojú ìránṣọ rẹ̀ á dẹ̀. Ó mú èyí tó ń kọ mọ̀nà bíi dígí, ó ní àkísà tútù nìkan ti tó o. Ó wá gbé báàgì Mọ́mì.

"Èyí, inú awọ ni wọ́n yí síta. Kò ní ohun tó bò ó, gbogbo ohun tó bá kàn án ló ń mu. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nìkan ló ń fẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, kí o tó pa nǹkan sí awọ lára, kán omi ẹ̀kán kan síbi tí ojú kì í tó. Bó bá mu omi náà lójú ẹsẹ̀, má pa nǹkan kan sí i."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó tètè bá mi ṣe é kí onínǹkan tó dé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ti ta ni?"

"Ti ìyá ọkọ mi ni, Bàbá."

"Ṣé wọ́n mọ̀?"

Mo mirí pé rárá. Ó dì í padà sínú ìwé ìròyìn. "Ìyá ìkókó, àbàwọ́n yìí á dín, kò ní tán. Bí o bá fi pamọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, wọ́n á rí irọ́ mọ́ ọn. Lọ sọ fún wọn ná."

Inú bí mi! Mo fi gbogbo ọ̀nà kùn sí bàbá náà nínú ọkọ̀. Ta ló bi í ní ìwàásù? Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sún mọ́ Agbowó ni ìbínú náà ń di ẹ̀rù, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Mọ́mì ti dé. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, mo gbé báàgì lé wọn lẹ́sẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò pa ojú àbàwọ́n náà lọ, pa á bọ̀.

"Òrí tí a fi ń pa ọmọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Dìde, o ti há ọmọ lẹ́sẹ̀." Wọ́n wọ bàtà wọn. "Níbo ni bàbá náà wà?"

Báyìí ni àwa mẹ́ta ṣe padà sí Ring Road. Bàbá ní kí n mú páúdà ọmọ wá nínú ẹrù ìkókó, ó sì dà á sójú àbàwọ́n náà títí ibẹ̀ fi funfun. Ó ní páúdà náà á máa fa òróró jáde díẹ̀díẹ̀, òun á máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, òun á tún da òmíràn, títí di Sátidé. Ó wá bojú wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí Mọ́mì: "Ìyàwó yín ló ṣe iṣẹ́ yìí, àbí?"

Mọ́mì wò mí. "Ọmọ mi ni," wọ́n ní. "Ó fẹ́ bá mi tọ́jú rẹ̀ ni."

Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń ṣe bí ẹni tó ń tún ọ̀já so. Ẹkún ni mo ń sun, kí n má tàn ọ́.

Lọ́jọ́ ìkórè, àbàwọ́n náà ti kéré bí ojú kọ́bọ̀ lẹ́bàá ẹnu báàgì. Mọ́mì gbé e lọ́wọ́, wọn ò sì yí ojú ibẹ̀ mọ́ra. Láti ọjọ́ náà, n ò gbọ́ "ìyàwó ọmọ mi" lẹ́nu wọn mọ́ títí wọ́n fi papòdà. Nígbà tí ara wọn ò yá mọ́, wọ́n pe àwọn ọmọbìnrin wọn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá mi du báàgì yẹn, torí èmi ni mo mọ ohun tí kò fẹ́.

Ó wà lọ́dọ̀ mi di òní. Bí ọyẹ́ bá ti dé, màá gbé e jáde, màá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n. Lọ́yẹ́ tó kọjá, ìyàwó ọmọkùnrin tí mo pọ̀n lọ́jọ́ náà jókòó tì mí, ó na ìka sí àbàwọ́n náà. "Mọ́mì, nǹkan wà tó lè yọ èyí kúrò pátápátá o. Ṣé kí n bá yín rà á?"

Mo ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi sínú ilé yìí."