Ọpẹ́ Àárọ̀ Sátidé

Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí Kérésìmesì ṣe ń sún mọ́lé ní Accra, èmi ni kí ó wá bi. Láti ìparí oṣù kẹwàá ni apẹ̀rẹ̀, ríbọ́ọ̀nù pupa àti ọ̀rá tó ń dán ti máa ń kún ṣọ́ọ̀bù mi ní Tudu. Hámpà ni mò ń dì. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn ni: mílíìkì, bísíkíìtì, ìrẹsì, òróró, àti ìgò jùsì kan tó dúró sáàárín wọn bí ọba. Àwọn ọ́fíìsì ń rà á fún àwọn oníbàárà wọn, àwọn oníbàárà ń rà á fún ọ̀gá, ọ̀gá a sì tún gbé e fún ẹlòmíràn láìtú u. Mo ti rí hámpà tí mo fi ọwọ́ ara mi dì ní ọjọ́ Ajé, tí wọ́n gbé wá ta èmi fúnra mi lọ́rẹ ní Ọjọ́bọ̀. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì tún un tà.

Bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù náà kí ó tó kàn mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, Kokomlemle ló kọ́lé sí, ibẹ̀ la sì bí mi sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ni ìyá kan láti James Town ti ń ta kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo tó jọ ẹ̀kọ, àti ẹja díndín. Awo ni gbogbo wa ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ga ṣe ń pe ìyá. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí a bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, a kì í ti ilẹ̀kùn. Awo yóò fa àpótí ìjókòó rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù, yóò máa ta kẹ́ńkẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, yóò sì máa sọ fún àwọn tó bá wá rajà pé kí wọ́n ní sùúrù, àwọn Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Accra, ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ kò sọnù rí.

Tí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, kí bàbá mi tó mú kọ́kọ́rọ́ kan ilẹ̀kùn, ọ̀dọ̀ Awo ni yóò kọ́kọ́ lọ. Yóò tẹrí ba díẹ̀, yóò ní, “Ẹ ṣé àná.” Yorùbá ló fi ń sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ga ni wọ́n jọ ń sọ. Awo bi í léèrè nígbà kan pé ṣebí o ti dúpẹ́ lánàá, kí ló tún kù. Bàbá mi ní ọpẹ́ tàná, ẹnu lásán ló dú u. Ìgbà tí èèyàn bá sùn, tó jí, tó ṣì rántí, ìgbà náà ni oore tó wọ inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Awo ti kọ́ èsì rẹ̀, “Kò tọ́pẹ́,” a sì máa sọ ọ́ bí ẹni pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí. Wọn yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dun Awo, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ẹja tó wọ́n. Èmi tí mo ti di géńdé nígbà náà yóò dúró ti ilẹ̀kùn, inú á máa bí mi pé ọjà ń lọ.

Nígbà tí bàbá mi kú, Awo kò yéé jókòó tì wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Sátidé àkọ́kọ́ tí mo dá ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo bá oníbàárà kan tó ti ń dúró dè mí, mo ní màá dúpẹ́ lọ́wọ́ Awo ní Sátidé tó ń bọ̀. Nígbà tí ìyẹn dé, ẹrù ń bọ̀ láti èbúté. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà ṣe ń kú. Kì í ṣe pé ẹnì kan pinnu láti pa á. Mo wá rò ó pé bí mo bá ti ń fún un ní hámpà kan lọ́dọọdún, ó tó, ó tilẹ̀ lé. Hámpà ṣe é fojú rí. Ta ló ń fojú rí “ẹ ṣé àná”? Ọlọ́run dárí jì mí, bí mo ṣe rò ó gan-an nìyẹn, fún odindi ọdún mẹ́sàn-án.

Oòrùn Accra kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ń ta bísíkíìtì àti mílíìkì. Nítorí náà, hámpà tí a máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn èrò ọ̀nà lè rí i, irọ́ ni. Páálí òfìfo ló wà nínú rẹ̀, agolo tí a ti mu mílíìkì inú rẹ̀ tán, àti ìgò tí a rọ sobolo, omi ìṣápá, sí kí ó lè pupa. Torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́, mo máa ń fi ìwé ìròyìn wé ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kan, màá gbé e sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà ṣubú. Gbogbo àwa tí à ń ta hámpà ní Tudu la ń ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì kà á sí ẹ̀tàn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì le ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti di hámpà Awo, mo kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nínú. Àwọn èrò ń tì í síwá sẹ́yìn. Nígbà tí mo rí i pé Awo ń palẹ̀ mọ́, mo na ọwọ́ sí èyí tó sún mọ́ mi, mo gbé e sí iwájú rẹ̀. Ó wúwo dáadáa. Mi ò wo ojú rẹ̀, torí ọkùnrin kan ń ná ọjà lọ́wọ́ mi. Mo kàn ní “Afehyia pa, Awo,” bí gbogbo Accra ṣe ń kí ara wọn lọ́dún, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì, mo ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ nítorí àwọn tó máa ń gbàgbé iyọ̀ àti tòmátò alágolo. Awo dé, ó wọ aṣọ funfun, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dúró síwájú mi, ó ní, “Ẹ ṣé àná.” Yorùbá bàbá mi ni. Orí mi wà nínú páálí tí mò ń tú. Mo ní kò tọ́pẹ́. Ó tún dúró fún ìgbà díẹ̀, mo rí bàtà rẹ̀, lẹ́yìn náà bàtà náà lọ.

Lọ́jọ́ kejì ọdún ni mo ṣàkíyèsí pé hámpà ẹnu ọ̀nà ti di àwátì. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo pe àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó yí mi ká, mo ní kí wọ́n wá bá mi ṣàánú olè tó ṣe gbogbo wàhálà yẹn tán, tó wá fi búlọ́ọ̀kù jẹ ọdún. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Awo wà níbẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tirẹ̀ tilẹ̀ pẹ́ ju tiwa lọ.

Nígbà òjò, ẹsẹ̀ Awo wú, kò sì lè wá sí Tudu mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá sọ fún wa. Mo ní kí ó bá mi kí i, pé màá yọjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Láti Tudu sí James Town, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò dé títí Kérésì mìíràn fi ń yọ orí bọ̀.

Nínú oṣù kejìlá, mo ń kó àpò ìrẹsì kúrò nílẹ̀ kí n lè ráyè fún hámpà tuntun, ni mo bá rí hámpà kan tí ọ̀rá rẹ̀ ti faya lẹ́yìn wọn. Eku ti jẹ bísíkíìtì inú rẹ̀ tán. Ìwé pélébé ṣì wà lórí rẹ̀: Awo. Mo jókòó sórí àpò ìrẹsì. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Hámpà ẹnu ọ̀nà ni mo gbé fún Awo; olè tí mo pe èrò lé lórí, èmi ni.

Jímọ̀ tó kẹ́yìn ṣáájú Kérésì ni mo tó lọ. Mo di hámpà tó tóbi jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ti mọ́ṣáláṣí gba James Town. Afẹ́fẹ́ òkun àti èéfín ẹja kún agboolé wọn. Ilẹ̀kùn iyàrá Awo ṣí sílẹ̀, ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kan ni wọ́n fi dì í mú kí afẹ́fẹ́ má baà tì í. Mo mọ búlọ́ọ̀kù mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Awo gbọọrọ níbi tó jókòó sí, mo sì ro gbogbo ẹjọ́ mi láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá rẹ sọ fún mi nígbà kan pé àwọn baba yín máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo rí búlọ́ọ̀kù, mo rò pé o ní kí n kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ ni. Mo wá láàárọ̀ ọdún láti wo ojú rẹ. O ò gbé ojú sókè. Ìgbà tí o fi olè ṣẹ̀fẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé àṣìṣe ni, ara sì tù mí.”

Mo ní kí ó gba hámpà tí mo gbé wá. Ó mi orí.

“Hámpà kọ́ ni mò ń retí, ọmọ mi. Sátidé ni mò ń retí. Tí o bá fẹ́ dúpẹ́, má gbé nǹkan kan dání. Wá lọ́la, kí o sọ ọ́ bí bàbá rẹ ṣe ń sọ ọ́.”

Mo ní mò ń bọ̀.

Sátidé yẹn ni ọjà gbóná jù kí ọdún tó dé, torí ọjọ́ Ajé ni Kérésì bọ́ sí. Mo ti wọ bàtà tí màá fi lọ nígbà tí ọkọ̀ ọ́fíìsì kan dúró, wọ́n ń fẹ́ ogójì hámpà kí oòrùn tó wọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ di mẹ́wàá. Lẹ́yìn mẹ́wàá, mo ní kí n kúkú dì í tán. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Kò sí ẹni tó dè mí mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Àìkú náà rí bákan náà, Kérésì sì dé, mo sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo tó dé ibẹ̀. Ọmọ Awo jáde sí mi nínú aṣọ dúdú, ó so aṣọ pupa mọ́rí. Ó ní ìdájí ọjọ́ Àìkú ni ìyá òun lọ. Mi ò bi í ní nǹkan kan, òun ló ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní láàárọ̀ Sátidé, ìyá òun ní kí wọ́n gbé àga òun sẹ́nu ọ̀nà, pé àlejò ń bọ̀. Nígbà tí oòrùn mú, wọ́n fẹ́ gbé e wọlé, ó kọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó gbé e wọlé.

Mo bá wọn jókòó títí di ọ̀sán. Mo sunkún níbẹ̀, n kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹkún ìtìjú pọ̀ nínú rẹ̀ ju ẹkún òkú lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń tú ríbọ́ọ̀nù kúrò lára àwọn hámpà tí kò tà, kí n lè kó ọjà inú wọn padà sórí pákó. Òjìji kan bo ọwọ́ mi. Mo gbé ojú sókè. Ọmọ Awo ni, aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó ti fẹsẹ̀ rìn wá láti James Town. Ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé àná.”

Mo dìde. Mo mọ èsì rẹ̀, láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò jáde lẹ́nu mi.