Kásìkì Ńlá àti Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Àgbà Ò Ní Í Sọ Lẹ́ẹ̀kejì

Lánàá, ọmọ àbúrò mi tó ń gba àlọ́ sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Ifangni dé kásìkì tuntun, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ohùn, sí mi létí. "Tọ́ntọ̀n," bó ṣe máa ń pe èmi ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ nìyẹn, "ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?" Ohùn tó jáde kéré bí ti ẹ̀fọn lẹ́yìn ògiri. Mo ní kó ka nọ́ńbà óòmù ara rẹ̀, èyí tó ń sọ bí kásìkì ṣe ń dènà iná tó. Igba ó lé àádọ́ta ni. "Ó le jù fún fóònù rẹ. Wá èyí tó bá jẹ́ bíi méjìlélọ́gbọ̀n." Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi.

Ìgbà tí mo ṣì kéré ní Lagbé, abúlé wa lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà, ni mo ti kọ́ ọ. Láyé ìgbà yẹn, kásẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà wa sí àwọn ará wa ní Nàìjíríà. A ó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, a ó dì í sínú ọ̀rá, a ó fi rán aláṣọ tó ń kọjá ààlà. Àwọn àgbà mìíràn a kọ́kọ́ kí rédíò tí a fi ń gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì, bí ẹni ń kí àlejò.

Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ti bá Àkànbí, àkọ́bí rẹ̀, jà nítorí oko ọ̀pẹ tó tà láìbi í. Ó ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ agbolé wa mọ́, Àkànbí sì kọjá sí Nàìjíríà. Ọdún gorí ọdún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe bàbá mi: "Gbé rédíò rẹ wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá sọ ọ́." Ó lé gbogbo wa síta, ó sọ ọ́.

Rédíò wa kì í sọ̀rọ̀ síta mọ́. Kásìkì la fi ń gbọ́ ọ, èyí tí a ní sì ti bàjẹ́. Ọjọ́ yẹn, bàbá mi dé kásìkì ńlá kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ó bò ó létí bí igbá méjì. Kò gbọ́ ju ariwo wẹ́wẹ́ lọ. Ó sá píìlì, ìyẹn bátìrì rédíò, sóòrùn, ó gbọn rédíò, kò sí àyípadà. Ó bẹ Ìyá àgbà kó tún un sọ.

"Ṣé o fẹ́ yá ẹnu mi lò ni?" ni ìdáhùn rẹ̀.

Bàbá gbé èmi àti rédíò sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ atúnrédíòṣe ní Ifangni. Ọkùnrin náà yí kásìkì wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹgbẹ̀ta óòmù! Ẹ̀rọ ńlá ló ń gbé irú èyí. Bàbá, ewúrẹ́ lẹ ní kó fa ọkọ̀." Ó mú kásìkì kékeré kan tí wọ́n fi òwú so, ó tì í bọ inú rédíò, ó sì nà án sí bàbá mi.

Mo rí i tí bàbá mi rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ó wà níbẹ̀," ló ń wí ṣáá. Ó fi kásìkì sí mi létí, mo sì gbọ́ ọ gaara: "Àkànbí, inú mi ti rọ̀. Máa bọ̀ wálé."

A fi kásẹ́ẹ̀tì náà rán aláṣọ, Àkànbí sì dé kí àgbàdo tó tán lóko. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà wò ó, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Lónìí, ẹnìkan lè sọ ọ̀rọ̀ kan nígbà mẹ́wàá sínú fóònù, kó pa mẹ́sàn-án rẹ́. Mi ò bínú sí i, ó rọrùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣòro láti sọ fún ọmọ ẹni kò tíì rọrùn. Ọkàn mi ṣì máa ń balẹ̀ nígbà tí mo bá rántí pé ní gbogbo àárọ̀ tí a rò pé ìdáríjì náà ti sọnù, ó ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó ń dúró de etí tó máa gbọ́ ọ.