Bí Tuulikki Ṣe Rí Adùn Ọkà Gbà

Ní Sysmä, ìlú kékeré tiwa, bí ẹnì kan bá ṣègbéyàwó láìsí sáhítì, àwọn èèyàn á lọ o, ṣùgbọ́n wọn ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọtí ọkà tí a ń pọn nílé ni sáhítì. Ó ki, ó dùn, ẹni tí kò bá sì bọ̀wọ̀ fún un, á gbé e ṣubú. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ibẹ̀, ti ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Aune Rantala ló lórúkọ jù. Nígbà tí ìyá náà yọ̀ ṣubú lórí yìnyín tó kù nígbẹ̀yìn ìgbà òtútù tí apá ọ̀tún rẹ̀ sì kán, ìyàwó ọmọ rẹ̀, Tuulikki, ló bọ́ sídìí ọpọ́n ìpọntí.

Tuulikki ló ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọléèwé. Obìnrin tí ara rẹ̀ yá gágá ni, ẹ̀rù kì í sì í bà á.

Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn yín balẹ̀. Ìṣojú mi lẹ ti ń pọn ọ́n láti ọjọ́ yìí."

Aune dáhùn pé, "Wíwò kọ́ ni pípọn."

Tuulikki fi ẹ̀rọ lọ ọkà tí wọ́n ti mú hù tí wọ́n sì ti sá gbẹ, ó da omi gbígbóná sí i, ó jẹ́ kó dúró títí ó fi dùn. Lẹ́yìn náà ló bù ú sínú ọpọ́n gígùn tí wọ́n fi igi gbẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n tẹ́ koríko gbígbẹ àti ẹ̀ka jùnípà sí nísàlẹ̀, kí omi dídùn lè máa jò jáde kí èérí sì ṣẹ́ kù. Ó fi ìwúkàrà sí omi náà kó lè di ọtí. Gbogbo rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ lójú tirẹ̀.

Ó di ọdún Juhannus tí a ń ṣe láàárín ìgbà ooru, nígbà tí oòrùn kì í fẹ́ wọ̀. Veijo, aládùúgbò wọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, gbé ife sẹ́nu, ó gbé e kalẹ̀, ó wo inú rẹ̀.

"Tuulikki, ṣé omi tí o fi fọ ife lèyí, àbí ọtí náà gan-an ni?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Tuulikki ní, "Bó ò bá fẹ́, gbé e sílẹ̀."

"Rárá o, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ṣùgbọ́n èérí tó o kó fún mi yẹn, háà! Ńṣe làwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi ń ti ara wọn lulẹ̀ nítorí ẹ̀. Ti Màmá, wọ́n kàn máa ń fi imú tì í síwá sẹ́yìn ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò pa Tuulikki lẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pọn ìwọ̀nba díẹ̀ láti fi dán an wò. Nígbà tí omi jò tán, ó bu ẹ̀kúnwọ́ èérí, ó sì jù ú sẹ́nu. Ó dùn! Ó tún rí hóró ọkà tó ṣì wà lódindi, bí ẹni pé ẹ̀rọ ò fọwọ́ kàn án rí.

Ó pe ọkọ rẹ̀. "Reijo, wá tọ́ ọ wò! Àwa ń mu omi, ẹlẹ́dẹ̀ Veijo ń jẹ ṣúgà!"

Bó ṣe fún ẹ̀rọ mọ́ra nìyẹn, tó lọ ọkà mìíràn títí ó fi kúnná bí ìyẹ̀fun. Ó po omi gbígbóná mọ́ ọn, ó dà á sínú ọpọ́n, ó ṣí ihò tí omi ń gbà jáde. Ẹ̀kán kan, ẹ̀kán méjì, ó dákẹ́. Omi dúró gbári lókè, kò lọ síbì kankan.

Aune yọ dé pẹ̀lú apá tí wọ́n so kọ́ ọrùn. "Sáhítì ni mo ní kó o pọn, ògì lo sè fún mi yìí."

"Màmá, tó bá rí gbágungbàgun, adùn ò jáde. Tó bá kúnná, omi ò jáde. Èwo wá ni kí n ṣe?"

"Má ṣe fọ́ èèpo. Èèpo yẹn ni asẹ́ ẹ."

"Báwo ni ẹ̀rọ ṣe máa mọ èèpo yàtọ̀ sí inú?"

Ìyá ní, "Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Ẹ̀rọ mi ti mọ́ mi lọ́wọ́. Àmọ́ bàbá mi, kó tó lọ ọkà, á kọ́kọ́ gbé àpò sínú sáúnà, yàrá tó kún fún oru omi níbi tá a ti ń wẹ̀. A rò pé nítorí eku ni."

Tuulikki pàtẹ́wọ́. "Eku kọ́, Màmá! Oru omi ni! Èèpo á rọ̀, kò ní fọ́ mọ́!"

Nígbà tí ìgbéyàwó Inkeri, ọmọ ẹ̀gbọ́n Reijo, kù sí dẹ̀dẹ̀, Tuulikki wọ́n omi díẹ̀ sórí ọkà, ó ń yí i po títí èèpo fi rọ̀ bí awọ tí inú sì gbẹ síbẹ̀. Ó lọ̀ ọ́. Inú fọ́ wẹ́wẹ́, èèpo sì tẹ́ pẹlẹbẹ. Ó da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń pò ó kó má baà di kókó. Nígbà tó bù ú sínú ọpọ́n, ìyá jókòó tì í bí ẹ̀ṣọ́.

"Má ṣí ihò yẹn tó bẹ́ẹ̀! Kó máa jò bí òwú ìránṣọ."

"Màmá, ìgbà wo ló máa wá tán?"

"Ìgbà tó bá tán. Omi tó bá ń sáré á kàn wá ọ̀nà tiẹ̀ gbà ni, kò ní dúró kí ọkà kankan."

Bí omi òkè ṣe ń lọ sílẹ̀ ni Tuulikki ń wọ́n òmíràn sí i. Nígbà tó parí, ó tọ́ èérí wò. Ó tẹ́ bíi koríko gbígbẹ. Ó bù ú fún Aune, ìyá jẹ ẹ́, ó tu ú dànù, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọkùnrin gìrìpá kan láti ilé ọkọ Inkeri mu ife mẹ́ta, ó fẹ́ dìde, ó tún padà jókòó.

"Ta ló gbé ẹsẹ̀ mi lọ?"

Aune dá a lóhùn pé, "Jókòó jẹ́ẹ́, á padà wá. Ìyàwó ilé mi ló pọn ọ́n."

Òun náà fi ọwọ́ òsì gbé ife, ó mu ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó jọ pé ó ki ju tèmi lọ díẹ̀."

Tuulikki ní, "Díẹ̀ kọ́, Màmá."

Kí àlejò tó tú ká, ìyá ọkọ Inkeri ti wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn pọn ti Kérésìmesì. Tuulikki gbà. Ó ní kí wọ́n gbé ọkà wá, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má lọ̀ ọ́ o. Òun fúnra òun ló máa lọ̀ ọ́.