Tíṣà Quaglino àti Ewì Tí Kámẹ́rà Kò Gbọ́

Ọjọ́ tí Tíṣà Evasio Quaglino dá ikú ayaba dúró ni gbogbo ìlú Torino ní Ítálì ṣì fi ń rántí rẹ̀. Ayaba ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, omi ti dà lójú àwọn tó ń wò ó, ni Tíṣà bá ní kó dìde, pé ó fo ìlà mẹ́ta nínú ewì tó yẹ kó ké. Bẹ́ẹ̀ sinimá ìgbà náà kì í fọhùn.

“Tíṣà, fíìmù ti tán o,” ni Gaudenzio, tó ń fi ọwọ́ yí kámẹ́rà, sọ.

“Fi òmíràn sí i. Kó tún ikú ẹ̀ kú dáadáa.”

Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ iléèwé ní ewì àtijọ́ náà kí ilé iṣẹ́ sinimá tó gbà á, pé kó gé ìwé méjìlá inú rẹ̀ kúrú sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó so aṣọ ọ̀fọ̀ mọ́ apá wọlé. Gaudenzio kí i kú àràfẹ́rakù, ó béèrè ẹni tó kú. Tíṣà ní ìwé kẹta ni, àná lòun gé e kúrò.

Brusasco, òṣèré tó ń ṣe ọba, ló wá kó bá a. Ohun tó bá wu àwọn òṣèré ni wọ́n ń sọ níwájú kámẹ́rà, torí kò sí ẹni tó máa gbọ́. Brusasco kúnlẹ̀ ti òkú ayaba, ìyàwó rẹ̀ nínú fíìmù, ó gbójú sókè, ó sì fi ìbànújẹ́ sọ pé ẹran tí òun jẹ lọ́sàn-án kò tíì dà nínú òun. Tíṣà ní kí wọ́n tún un yà. Malvano, ọ̀gá ilé iṣẹ́, kọ̀ jálẹ̀.

“Tíṣà, ta ló máa gbọ́ ọ?”

“Ojú èèyàn máa ń mọ̀ bí ẹnu ẹ̀ bá ń purọ́.”

Malvano ní òun á tún un yà lẹ́ẹ̀kan péré, àmọ́ tí wọ́n bá ti yà á tán, kí Tíṣà máa lọ sílé rẹ̀. Iléèwé ti fi ẹlòmíì sípò rẹ̀, iṣẹ́ yìí nìkan ló kù ú kù. Síbẹ̀ ó ní kí Brusasco kúnlẹ̀. Brusasco ké ewì náà láìfo ìlà kankan, Tíṣà kó ìwé rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé fíìmù náà jáde, Gaudenzio rí àwọn adití tó jókòó síwájú nílé sinimá, àyà rẹ̀ já. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ kà lẹ́nu èèyàn, ibi tí gbogbo ayé bá ti ń sunkún nínú fíìmù Malvano ni wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sunkún. Obìnrin kan nínú wọn kọ ìwé sí Malvano pé àwọn ti ń ka ewì náà láti kékeré, òní làwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹni tó ń ké e. Malvano fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ Tíṣà. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n tún fi bá ara wọn jà níbi iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń sin Tíṣà, àwọn adití yí sàréè ká. Àlùfáà ń gbàdúrà lọ́wọ́, Gaudenzio kò fẹ́ kó gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn òun, ètè lásán ló fi sọ ọ́: “Bàbá yìí yọ mí lẹ́nu gan-an, mo sì fẹ́ràn wọn.”

Gbogbo àwọn adití yíjú sí i, wọ́n sì mi orí pé òótọ́ ni.